Síprín ni ká gbé sókè ni, àbí bọ́dì? Ìtàn ọkọ̀ gíga ní ilẹ̀ Ṣábẹ

 Lónìí, ìtàn ọkọ̀ la fẹ́ sọ.

Bí jíìpù tí wọ́n ti gbé sókè bá kọjá ní ìgboro, àwọn ọ̀dọ́ a máa sọ pé àṣà tuntun ni. Kì í ṣe tuntun rárá. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dé ilẹ̀ wa ni ìbéèrè náà ti wà: níbo ni kí gíga ọkọ̀ ti wá? Ṣé lára síprín ni, àbí lára bọ́dì, àbí lára táyà? Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ná owó ńlá, kí ọkọ̀ rẹ̀ má sì lè kọjá ibi tí kò lè kọjá tẹ́lẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ó lè dojú ọkọ̀ dé pẹ̀lú àwọn èèyàn tó gbé. Ìtàn àwọn tó ti wa ọkọ̀ ṣáájú wa lè kọ́ wa lọ́gbọ́n.

ILẸ̀ TÍ A WÀ

Ṣábẹ wà ní nǹkan bí 250 kìlómítà sí Kútọnu, lójú ọ̀nà tó lọ sí Paraku. Kì í ṣe lásán ni ìjọba fi pe ẹkùn wa ní Collines, ìyẹn ilẹ̀ olókè. Àpáta tó yí ìlú ká ni àwọn baba wa sá sí nígbà tí ogun Dàhómì ń jà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ìwọ̀-oòrùn wa, odò Ouémé ló wà níbẹ̀. Ní ìlà-oòrùn, odò Ọ̀kpára ni, òun náà sì ni ààlà láàárín wa àti Nàìjíríà ní apá ibì kan.

Ọ̀nà ọlọ́dà gba àárín ìlú kọjá, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti yà kúrò lórí rẹ̀ lọ sí apá Kaboua, Bessé tàbí Ofè, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ilẹ̀ pupa ni, tó le bí bíríkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ń yọ̀ bí ọṣẹ nígbà òjò. Òjò á gbẹ́ kòtò sí àárín ọ̀nà, orí àpáta á yọ síta, ibi tí ilẹ̀ bá sì rẹlẹ̀ á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ dúdú. Ohun mẹ́ta ló ń dá ọkọ̀ dúró lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: òkúta tó ń gbá abẹ́ ọkọ̀, ẹrẹ̀ tó ń mu táyà, àti omi tó ń wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn, a óò padà sí i.

RÉLÙWÉÈ LÓ KỌ́KỌ́ DÉ

Ọdún 1900 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Kútọnu lọ sí òkè. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ó ti dé Ṣábẹ. Kò dé Paraku títí di 1936. Èyí já sí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ìlú wa fi jẹ́ ibi tí ojú irin parí sí. Ẹrù tó bá fẹ́ lọ sí ìhà àríwá gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣábẹ, kí wọ́n tó gbé e lé orí èèyàn, tàbí lẹ́yìn náà, lé orí ọkọ̀ akẹ́rù.

Ọkọ̀ akẹ́rù gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà, àwọn èèyàn wa ni wọ́n sì fi túláàsì lé lọ la ọ̀nà náà. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é, láìgba owó gidi. Ìgbà tí òfin tí wọ́n fi orúkọ Houphouët-Boigny pè jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1946 ni iṣẹ́ túláàsì tó dópin lábẹ́ òfin ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Ẹni tó bá ń gun ọ̀nà ilẹ̀ pupa lónìí, kó rántí ọwọ́ tó kọ́kọ́ là á.

Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ ọkọ̀ akẹ́rù ìgbà náà? Irin gbọọrọ méjì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ṣáásì. Lábẹ́ ṣáásì ni síprín wà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní lámù. Lórí ṣáásì ni bọ́dì jókòó sí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣáásì, ẹ́ńjìnnì àti iwájú ọkọ̀ nìkan ló ń ti òkè òkun dé. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ wa ló ń fi pákó kan bọ́dì sí i. Ohun tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní bọ́lẹ̀kájà nìyẹn. Nítorí náà, àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni bọ́dì, ọ̀tọ̀ ni ohun tó gbé e. Gbẹ́nàgbẹ́nà lè kan bọ́dì tó ga tó ilé, ṣáásì kò ní tìtorí rẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Lámù náà ní ìtàn tirẹ̀. Bó bá ṣẹ́, alágbẹ̀dẹ lè rọ òmíràn. Bó bá sì ti gbó pátápátá, alágbẹ̀dẹ kan náà á fi rọ ọkọ́ àti àdá. Irin Ògún ni lójú títì, irin Ògún ni nínú oko.

JÍÌPÙ DÉ

Ogun Àgbáyé Kejì ló bí ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà tí gbogbo ayé wá mọ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo jíìpù ní 1941. Ní 1948, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Land Rover jáde. Ní 1951, Toyota ti Jàpáánì ṣe tirẹ̀, èyí tó wá di Land Cruiser. Gbogbo wọn ló ní ṣáásì, gbogbo wọn ló sì ń lo lámù níwájú àti lẹ́yìn. Síprín wọn ló so ṣáásì mọ́ pọ́ọ̀n, ìyẹn irin tó so táyà òsì àti ti ọ̀tún pọ̀.

Ní ilẹ̀ Dàhómì, ọkọ̀ ìjọba ni irú ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ jẹ́: ti àwọn aláṣẹ, ti àwọn oníṣẹ́ ọ̀gbìn àti ti àwọn míṣọ́nnárì. Lẹ́yìn òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí. Tálákà kì í ra jíìpù. Ohun tí ará ìlú ń wọ̀ ni Peugeot.

Ìgbà Peugeot yìí ló yẹ ká dúró lé díẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Peugeot 404 jáde ní 1960, 504 sì tẹ̀ lé e ní 1968. Àwọn méjèèjì kò ní ṣáásì tó dá dúró. Bọ́dì wọn fúnra rẹ̀ ni egungun wọn. Táyà méjì péré ló ń tì wọ́n. Wọn kò ga tó jíìpù. Síbẹ̀, 404 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968, lójú ọ̀nà ẹrẹ̀ àti eruku tó pa ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí. 504 náà gbà á ní 1975. Kí ni àṣírí wọn? Síprín wọn rọ̀, ó sì ń lọ sókè sódò púpọ̀. Bí táyà kan bá já sí kòtò, ó máa ń nà tẹ̀ lé kòtò náà, kò ní fi ilẹ̀ sílẹ̀. Táyà tí kò bá kan ilẹ̀ kò lè fa ọkọ̀, bó ti wù kí ọkọ̀ náà ga tó.

Ìdí nìyẹn tí 504 fi di ọba ojú ọ̀nà ní ìhà méjèèjì ààlà. Ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ ní 1975, lọ́dún kan náà tí orílẹ̀-èdè wa pa orúkọ Dàhómì tì tó di Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ò ní gbàgbé 504 elérò tó ń kó èèyàn bí ẹja inú agolo láti Kútọnu wá sí òkè.

BÀṢÉ ÀTI ÌWÀ ÀFIKÚN

Ọkọ̀ tó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ gbígbé ọkọ̀ sókè jù lọ ni bàṣé, ìyẹn Peugeot tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tí wọ́n ń fi tapólì bò. Bàṣé 504 ní lámù lẹ́yìn. Ìwọ̀n ẹrù kan ni wọ́n ṣe lámù náà fún. Ṣùgbọ́n iṣu Ṣábẹ kò mọ ìwọ̀n. Òwú, èédú, gàrí àti kajú náà kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹrù bá ti pọ̀ jù, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Kí ni mẹkáníìkì yóò ṣe? Á fi lámù kan kún un. Bí kò bá tó, á fi ìkejì kún un.

Ọgbọ́n ni, ó sì ní ìjìyà tirẹ̀. Bí ẹrù bá wà lórí ọkọ̀, ó dúró dáadáa. Bí ẹrù bá ti bọ́, ìdí rẹ̀ á yọ sókè, imú rẹ̀ á dojú kọ ilẹ̀. Lámù tí wọ́n fi kún ti le jù fún ọkọ̀ òfìfo, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ á máa fò lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Táyà ẹ̀yìn kò ní di ilẹ̀ mú bó ti yẹ nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, pàápàá nígbà òjò. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ru epo kpayọ láti Nàìjíríà náà mọ ìwà yìí dáadáa: wọ́n ń fi irin kún síprín kí ọkọ̀ má bàa tẹ̀ lábẹ́ jáálá epo. Ohun tó jọ agbára lójú, ewu ni lójú títì.

Ẹ̀kọ́ bàṣé kò ju èyí lọ: síprín kì í ṣe ti gíga nìkan. Ó gbọ́dọ̀ bá ìwúwo tí ọkọ̀ ń gbé lójoojúmọ́ mu. Àwọn àgbà ní gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò sì dà bíi kó yẹni.

TÒKUNBỌ̀ SỌ JÍÌPÙ DI TI GBOGBO WA

Láti nǹkan bí ọdún 1990 síwájú, ọkọ̀ tòkunbọ̀ kún èbúté Kútọnu bámúbámú. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba ààlà kọjá lọ sí Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2017, tí wọ́n sì ti ààlà pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ọ̀rọ̀ náà dun àwọn oníṣòwò ọkọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, jíìpù ti kúrò ní ohun ìjọba nìkan. Olóko kajú lè ní Hilux. Oníṣòwò lè ní Land Cruiser. Ìgbà yìí ni ìbéèrè tó wà nínú àkọlé wa wá dé ilé ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Síprín fúnra rẹ̀ ti yí padà pẹ̀lú. Range Rover ti 1970 ló fi síprín tí a ká bí okùn rọ́pò lámù, tí ara èrò fi tù. Land Cruiser 80 tó dé ní nǹkan bí 1990 ní irú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Land Cruiser 70, tó jáde ní 1984, di lámù rẹ̀ mú níwájú àti lẹ́yìn títí di 1999, kí wọ́n tó yí ti iwájú padà. Ti ẹ̀yìn ṣì jẹ́ lámù. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sókè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lábẹ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ bíi RAV4 tilẹ̀ jọ jíìpù lójú, ṣùgbọ́n kò ní ṣáásì tó dá dúró, gẹ́gẹ́ bí 504 àtijọ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gbé bọ́dì rẹ̀ kúrò lórí ṣáásì tí kò sí.

BỌ́DÌ, SÍPRÍN TÀBÍ TÁYÀ?

Ẹ jẹ́ ká wá fi ohun mẹ́ta tó ń dá ọkọ̀ dúró ní ilẹ̀ wa wọn ọ̀nà mẹ́ta yìí.

Kí a gbé bọ́dì sókè ni pé kí wọ́n tú bóòtù tó de bọ́dì mọ́ ṣáásì, kí wọ́n ki ohun kan tó nípọn sáàárín wọn, kí wọ́n sì fi bóòtù tó gùn jù dè é padà. Owó rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ṣáásì kò kúrò níbi tó wà. Ẹ́ńjìnnì tó jókòó lórí ṣáásì kò kúrò. Òkúta tó ń gbá abẹ́ ọkọ̀ lánàá yóò gbá a lónìí, omi Ọ̀kpára tó ń wọ ẹ́ńjìnnì lánàá yóò wọ̀ ọ́ lónìí. Ó dà bí ẹni tó dé fìlà gogoro tó sì rò pé òun ti ga tó láti wọ́ odò. Àǹfààní kan ṣoṣo tó ní ni pé àyè yóò wà fún táyà ńlá. Wàhálà rẹ̀ sì pọ̀: ọ̀pá tó so ìdarí ọkọ̀ mọ́ nǹkan ìsàlẹ̀ á nà, ọ̀pá gíá á rẹlẹ̀ jù, fáànù kò ní dọ́gba mọ́ pẹ̀lú ohun tó yí i ká lára ràdíétọ̀, rọ́bà tí epo ń gbà wọ táńkì á fà. Bí oníṣẹ́ bá sì ki igi tàbí páìpù tí ó jó mọ́ra sáàárín, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, bọ́dì lè já kúrò.

Kí a gbé síprín sókè yàtọ̀. Síprín tó gùn díẹ̀, pẹ̀lú àmọ́tísọ́ tó bá a mu, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ṣọ́ọ̀kì, máa ń gbé ṣáásì, ẹ́ńjìnnì àti bọ́dì sókè lápapọ̀. Òkúta á rí àyè kọjá, omi á jìnnà sí ẹ́ńjìnnì díẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá mọ iṣẹ́, táyà náà á lè lọ sókè sódò bíi ti Peugeot àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá nǹkan bíi 5 sẹ̀ǹtímítà, iṣẹ́ mìíràn á tún yọjú. Rọ́bà bíréèkì lè kúrú jù. Kádáànì á tẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, á sì tètè jẹ. Ìdarí á fúyẹ́, ọkọ̀ á máa ṣako lórí ọ̀nà ọlọ́dà. Ní ti Hilux àti Pajero àtijọ́ tó ní irin lílọ́ níwájú, àwọn kan á kàn lọ́ bóòtù rẹ̀ kí iwájú lè ga. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n táyà kò ní lè nà wọ inú kòtò mọ́, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n bíi kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: nínú méjèèjì, kò sí èyí tó gbé pọ́ọ̀n kúrò nílẹ̀. Kókó pọ́ọ̀n tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbá òkúta. Táyà nìkan ló lè gbé e. Bí táyà tuntun bá fi 6 sẹ̀ǹtímítà ga ju ti àtijọ́ lọ láti òkè dé ilẹ̀, pọ́ọ̀n á fi 3 sẹ̀ǹtímítà gòkè, nítorí àárín táyà ló wà. Táyà tó tóbi jù ní owó tirẹ̀ pẹ̀lú: ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ ju tẹ́lẹ̀ lọ, bíréèkì á jìyà, awò eré ọkọ̀ á sì máa parọ́.

OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀FÀ JU ÈJE LỌ

Gíga kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní 150 sẹ̀ǹtímítà ló wà láàárín táyà òsì àti ti ọ̀tún, tí àárín ìwúwo ọkọ̀ sì fi 70 sẹ̀ǹtímítà ga sílẹ̀. Lórí ìwé, ọkọ̀ náà lè dúró lórí ibi dídàgẹ̀rẹ̀ tó tó dígírì 47 kó tó ṣubú. Bí àárín ìwúwo bá di 80, ó di dígírì 43. Bí ẹ bá wá di iṣu lé e lórí, tí ó di 90, ó kù sí nǹkan bí 40. Lójú ọ̀nà gidi, iye náà kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí síprín máa ń tẹ̀, táyà náà máa ń tẹ̀, eré sì máa ń ti ọkọ̀ síta níbi tí ọ̀nà bá ti yí. Ẹ wá ronú kan àwọn tó jókòó lórí ẹrù lẹ́yìn bàṣé tàbí Hilux, lọ́jọ́ ọjà, tí wọn kò ní bẹ́líìtì, tí wọn kò ní ohun tí wọ́n dì mú. Àwọn ni ìṣirò yìí kàn jù.

Pupọ̀ nínú wa ló sì jẹ́ pé orí ọ̀nà ọlọ́dà Kútọnu sí Paraku la ti ń lo ọkọ̀ wa jù, láàárín àwọn tírélà ńláńlá tó ń lọ sí Malanville. Ọkọ̀ tó dára fún Kaboua lọ́jọ́ méjì nínú oṣù gbọ́dọ̀ dára fún ọ̀nà yẹn ní ọjọ́ tó kù.

Nítorí náà, bí ìtàn ṣe kọ́ wa nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wo táyà: ẹ wá èyí tí eyín rẹ̀ jìn tó sì di ẹrẹ̀ mú, kí ó ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ tí àyè bá gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ síprín àti àmọ́tísọ́ lápapọ̀, kó má ju nǹkan bí 4 tàbí 5 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ẹ sì sọ fún mẹkáníìkì iye ẹrù tí ẹ ń gbé lójoojúmọ́, kì í ṣe èyí tí ẹ ń gbé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ ní kó wo rọ́bà bíréèkì, kádáànì, ìdarí àti iná iwájú kí ẹ tó kúrò ní ọgbà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bọ́dì jókòó síbi tí àwọn tó ṣe é gbé e sí. Igi gànganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wa bàṣé lójú ọ̀nà Ọ̀kpára, ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà tí ẹ kan bọ́dì onípákó, ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ tí ẹ fi lámù rọ ọkọ́, ìtàn yìí kò tíì pé láìsí tiyín. Ẹ kọ ohun tí ẹ rántí sísàlẹ̀ níbí, tàbí kí ẹ pe àwọn ọmọ yín kí wọ́n bá yín kọ ọ́. Ọkọ̀ á gbó, irin á di ọkọ́, ṣùgbọ́n kí ìmọ̀ tó wà lórí rẹ̀ má ṣe bá a lọ.